Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Ìjàpá mi: ọ̀pá dídán méje àti ihò tí kò gbà wọ́n

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kìíní

Mo ti rò pé iṣẹ́ parí. Ọ̀dà ti gbẹ, ẹ́ńjìnnì ti padà sí àyè rẹ̀, bíréèkì ń dáhùn, iná iwájú ń tàn. Ohun tó kù ò ju ọ̀ṣọ́ lọ: àwọn ọ̀pá dídán tó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, èyí tó la bónẹ́ẹ̀tì sí méjì, rọ́bà gíláàsì pẹ̀lú irin dídán tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jókòó sínú rẹ̀, àti àmì “1300” tó máa ń wà lára ìdérí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Oṣù márùn-ún gbáko ló gbà mí. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, bóyá ẹlòmíràn tó ní Volkswagen Ìjàpá nínú ọgbà rẹ̀ kò ní rin ìrìn tí mo rìn.

Ọ̀pá ara Ìjàpá jẹ́ méje: ọ̀kan lórí bónẹ́ẹ̀tì, méjì ṣáájú ilẹ̀kùn, méjì lára ilẹ̀kùn, méjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí dé ibi tí ara ọkọ̀ ti ń tẹ̀ lọ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ aṣọ ni, ìgbátí ni à bá pè é. Kì í mú ọkọ̀ rìn, kì í dá a dúró, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, ojú á máa wá a kiri.

Ìwé ọkọ̀ mi sọ pé 1967. Mo wá ẹni tó ń ta ọ̀pá méjèèje lódindi fún 1967, mo sanwó, ẹrù sì dé láàárọ̀ yìí. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo kó wọn lé e. Kí n tó gbé ọ̀pá kankan sókè, mo ní kí n fi kílíìpù kan ṣoṣo, ohun kékeré tó ń wọ ihò láti di ọ̀pá mọ́ ara ọkọ̀, dán ihò ilẹ̀kùn òsì wò. Ó wọlé. Mo yọwọ́, ó jábọ́. Mo mú òmíràn, ìyẹn náà jábọ́. Mo ní bóyá rọ́bà kékeré ìdí rẹ̀ ni mo gbàgbé. Mo fi rọ́bà sí i, ó dúró bí àlejò tó ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ó di ilẹ̀.

Mo wá lọ gbé ògbólógbòó ọ̀pá kan tó ti ká kò, èyí tí mo yọ lára ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á. Mo tò ó ti tuntun. Tuntun tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán rí i.

Inú bí mi sí ẹni tó tà á. Mo ti ń to lẹ́tà ìbínú sínú ọkàn mi, kí n tó ní kí n dán ti bónẹ́ẹ̀tì wò ná. Kọ́, kọ́, kọ́: ó wọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Gígùn rẹ̀ pé, kò sí ihò tó sá fún un, ó lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́.

Ẹrù kan náà, ọkọ̀ kan náà. Bónẹ́ẹ̀tì gbà, ẹ̀gbẹ́ kọ̀. Mo paná, mo wọlé lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì rẹ̀

Mo gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, lórí irin gbọọrọ tó gba àárín ọkọ̀ kọjá, ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣasí Ìjàpá sí. Mo ti rí nọ́ńbà yìí rí nígbà tí mò ń ha ìpẹtà. Mi ò kàn bi í léèrè ohunkóhun ni. 116 ló fi bẹ̀rẹ̀.

Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1965 ni nọ́ńbà yẹn ti ń sọ ọjọ́ orí ọkọ̀. 11 tó ṣáájú ń sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ẹyọ kẹta ni ìparí ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ìyókù ni òǹkà bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀lé ara wọn. 116, nígbà náà, 1966 ni. Ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì Volkswagen kò sì bá kàlẹ́ńdà rìn. Oṣù Kẹjọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá kàn parí ní Oṣù Kẹsàn-án 1965, 1966 ni wọ́n kà á sí. Èyí tí wọ́n parí ní Oṣù Kẹfà 1966, 1966 náà ni. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá jókòó lọ́dọ̀ oníṣòwò títí ọdún fi yí, ẹni tó rà á á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, ohun tí ìwé á sì máa wí títí ayé nìyẹn. Ìwé ò purọ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ìwé ń sọ, èmi ni mo kà á sí ọjọ́ ìbí.

Ọdún kan péré yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù Kẹjọ 1966, nígbà tí mọ́dẹ́ẹ̀lì 1967 bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n sọ ọ̀pá ara Ìjàpá di tẹ́ẹ́rẹ́, tí ihò àti kílíìpù rẹ̀ náà sì kéré sí i. Ti 1966 sẹ́yìn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣòwò ò jẹ̀bi o. Ohun tí mo béèrè ló fún mi. Mo dúpẹ́ pé mi ò tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Ọ̀rọ̀ bónẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ kí n sùn. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ 1966, kí ló dé tí ọ̀pá 1967 fi wọ bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo pe bàbá tó bá mi na àwọn páńẹ́lì ọkọ̀ náà. Wọ́n dé, wọ́n ò tilẹ̀ wo ọ̀pá. Abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹjú mọ́.

“Ṣé ìwọ lo kun abẹ́ ibí yìí?”

“Rárá sà. Ẹ ní kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.”

Wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré ha igun kan, níbi tí egungun bónẹ́ẹ̀tì ti pàdé ìdè rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà dúdú tí ẹnìkan fi bo gbogbo rẹ̀, búlúù ló wà. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ibi tí a ti ha ara ọkọ̀ yìí dé irin, inú ilẹ̀kùn, abẹ́ àga, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, funfun bí eyín erin la bá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Àlejò ni bónẹ́ẹ̀tì yìí. Ìgbà wo ló ti wọlé, èmi ò lè sọ.”

Mo lè sọ, ó kéré tán mo lè sọ ibi tó ti wá. Ní ìparí 1962 ni wọ́n yọ àmì Wolfsburg, ìlú ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Jámánì, kúrò lórí bónẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá àárín sì gùn sí i láti bo ojú ibẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 1967, fún mọ́dẹ́ẹ̀lì 1968, wọ́n gbé bọ́ńpà sókè, wọ́n sì gé bónẹ́ẹ̀tì kúrú kí ó lè jókòó lórí rẹ̀. Bónẹ́ẹ̀tì tó bá gùn, tí ihò rẹ̀ sì kéré, ibi tó ṣeé ṣe jù pé ó ti wá ni mọ́dẹ́ẹ̀lì 1967. Nítorí pé ti 1966 àti ti 1967 kò yàtọ̀ ní ìrísí, ẹni tó gbé e sórí ọkọ̀ mi kò ní láti tún nǹkan kan ṣe. Ó dè é, ó kùn ún, ó tà á.

Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo! Nínú àlọ́, ó já bọ́ láti òkè ọ̀run, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá, wọ́n sì bá a tò ó pọ̀ mọ́ra. Mi ò mọ̀ pé èyí tí mo rà náà ti já rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà

Wíwá ni gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé kí n má gbé ọdún lọ bá oníṣòwò. Ìwọ̀n ni mò ń gbé lọ.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo lẹ bébà gbọọrọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, mo fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra á lórí jẹ́jẹ́. Gbogbo ihò yọ sórí bébà roboto bí òṣùpá. Mo kọ “iwájú” àti “ẹ̀yìn” sí i, mo kọ òsì tàbí ọ̀tún, mo sì wọn àárín ihò kan sí àárín ihò kejì. Páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní bébà tirẹ̀. Ẹ má ṣe wọn ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ ní èkejì á rí bẹ́ẹ̀; ọkọ̀ tí wọ́n ti gbá rí kì í ní ọ̀tún àti òsì tó dọ́gba. Ìpẹ̀kun páńẹ́lì ọ̀tún iwájú mi kúrú ju ti òsì lọ díẹ̀, nítorí pé wọ́n ti jó irin mọ́ ọn níbẹ̀ nígbà kan. Bébà ló tú u fó.

Mo tún kọ́ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ẹ̀yà. Ti Volkswagen ìgbà yẹn jẹ́ ìdì mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìdì kìíní ni irú ọkọ̀, bíi 111 tàbí 113 fún Ìjàpá. Ìdì kejì ni apá ibi tí ẹ̀yà náà wà: ohunkóhun tó bá fi 8 bẹ̀rẹ̀, ara ọkọ̀ ni, 853 ni ọ̀pá dídán àti àmì, 845 ni gíláàsì àti rọ́bà rẹ̀. Ìdì kẹta ni ẹ̀yà náà gan-an, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé èyí tó parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 jẹ́ ti òsì, ìyókù jẹ́ ti ọ̀tún. Bí lẹ́tà kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti yí nǹkan padà lára ẹ̀yà náà nìyẹn. Lẹ́tà yẹn ni oníṣòwò máa ń fò nígbà tó bá ń kọ ohun tó ń tà, lẹ́tà yẹn gan-an ló sì máa ń ya èyí tó wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò wọlé.

Ohun tó wà lọ́jà jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Ojúlówó tí kò tíì wọ ara ọkọ̀ kankan rí, tó ṣì wà nínú bébà ilé iṣẹ́: ó dára, ó ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ní i sì mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n. Ojúlówó tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn: ó lè ti tẹ̀, ó lè ti ṣú, ṣùgbọ́n ó ti bá irú ọkọ̀ tiyín gbé rí. Lẹ́yìn náà ni àfarawé tuntun, tó ń dán gbinrin nínú àwòrán. Mi ò bá àfarawé jà o, kílíìpù tuntun tí mo lò gan-an àfarawé ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá, mo rí i pé ìtẹ̀ wọn kì í bá ìtẹ̀ ara ọkọ̀ lọ délẹ̀délẹ̀. Ìjàpá kò ní ibi tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọ̀pá tó bá tọ́ jù á máa fa kílíìpù ìpẹ̀kun jáde díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí ẹ óò bojú wẹ̀yìn rí i tó ń jù fìrìfìrì.

Ẹni mẹ́rin ni mo fi àwòrán bébà mi ránṣẹ́ sí, rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì ò dáhùn. Ọ̀kan ní, “Ó bá gbogbo Ìjàpá mu.” Mo sá fún un. Volkswagen ṣe ọkọ̀ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó o jáde ní Wolfsburg títí di 30 Oṣù Keje 2003 tí èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní Puebla ní Mẹ́síkò, ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Ọ̀pá wo ló fẹ́ bá gbogbo wọn mu? Ẹnì kẹrin lọ wọn tirẹ̀, ó kọ gbogbo ìwọ̀n náà sórí bébà, ó ya àwòrán rẹ̀ padà sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ra ọ̀pá méje, tòkunbọ̀, aláfẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ keje

Ọ̀pá dé. Mo gbé e lé bébà mi: ibi tí kílíìpù àtijọ́ ti fi àmì sílẹ̀ nínú ikùn rẹ̀ bọ́ sórí gbogbo òṣùpá. Mo jókòó sílẹ̀ mo kàn ń wò ó.

Ó ti ṣú, ó sì ní àpá. Alumíníọ̀mù ni, wọ́n sì ti fi iná mànàmáná gbé awọ tín-ín-rín líle kan lé e lórí nílé iṣẹ́, èyí tó ń dáàbò bò ó. Bí awọ yẹn bá ti ṣú, ẹ lè fi òróró ìdán pa á títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní dán, nítorí pé orí awọ lẹ ti ń pa, kì í ṣe orí irin. Ẹ ní láti kọ́kọ́ bó o. Kọ́sítíìkì sódà nínú omi ló ń bó o, ìta gbangba ni a sì ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ojú, nítorí pé ó ń jó ara, ó sì ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde bó ṣe ń hó. Sódà ni ẹ ó bù sínú omi. Ẹ má ṣe da omi lé sódà.

Mo fi ègé ọ̀pá tó ká kò yẹn ṣe ìdánwò. Fóònù dún, mo lọ gbé e. Nígbà tí mo padà dé, ojú rẹ̀ ti rí bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Ìyẹn náà kọ́ mi pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń fẹ́, kí ẹ sì dúró tì í. Àwọn méje tó kù, mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fi omi púpọ̀ ṣàn wọ́n, mo fi bébà ìhanrin tó kúnná pa wọ́n nínú omi, láti èyí tó le díẹ̀ dé èyí tó rọ̀ jù, kí n tó lo òróró ìdán àti aṣọ. Nítorí pé awọ ti lọ, mo ní láti máa fi epo ìdá nù wọ́n lóòrèkóòrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á tún ṣú. Mo lè gbé wọn lọ kí wọ́n tún awọ náà gbé lé e. Mi ò ṣe é. Mo fẹ́ràn dídán rẹ̀ báyìí, ó rọ̀ lójú, kò ké bí irin àfarawé.

Ibi tó tẹ̀ sínú, mo dojú rẹ̀ dé lórí igi tó rọ̀, mo fi etí igi kékeré kàn án láti inú, díẹ̀díẹ̀. Òòlù irin kò gbọdọ̀ kàn án rárá.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án

Bónẹ́ẹ̀tì wá kù. Ọ̀pá mẹ́fà ẹ̀gbẹ́ á fẹ̀, ọ̀pá iwájú á tín-ín-rín, àbí kí n fẹ ihò bónẹ́ẹ̀tì àlejò yìí kó lè gba èyí tó fẹ̀?

Mo gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn pa dà sí i, mo rìn sẹ́yìn, mo wò ó. Ọmọ mi ọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ jáde síta, ó ní, “Dádì, kí ló ṣe ti iwájú?” Ẹjọ́ parí.

Ihò fífẹ̀ lórí ọ̀dà tuntun kì í ṣe nǹkan eré. Mo pinnu pé díríìlì kò ní débẹ̀: bó bá gbá etí irin mú, á ya ọ̀dà lọ. Mo lẹ tépù yí ihò kọ̀ọ̀kan ká lókè àti lábẹ́, mo fi fáìlì roboto tín-ín-rín fẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ nìkan, láì fà á padà, kí eyín rẹ̀ má baà gbé ọ̀dà sókè. Bí mo bá ti fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo dán kílíìpù wò. Ó gbọ́dọ̀ le kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà mo fi búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán kun etí irin tó ṣí sílẹ̀ yẹn pẹ̀lú ọ̀dà tó ń lé ìpẹtà, lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni ihò wọ̀nyẹn gbà. Ọ̀dà fò ní ẹyọ kan, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, abẹ́ ọ̀pá ló sì bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó máa rí i àyàfi èmi, èmi náà sì ti rí i.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún

Rọ́bà gíláàsì. Ibí yìí ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ọkọ̀ náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé gíláàsì Ìjàpá ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní Oṣù Kẹjọ 1964 wọ́n fẹ gbogbo rẹ̀ lójú. Ti ẹ̀yìn nìkan fi nǹkan bí ìdá márùn-ún kan tóbi sí i. Ní Oṣù Kẹjọ 1971 wọ́n tún fi 4 sẹ̀ǹtímítà kún gíga ti ẹ̀yìn, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Tèmi, 1966, bọ́ sáàárín. Rọ́bà ẹ̀yìn àkọ́kọ́ tó dé, ìwé tó wà lára rẹ̀ ní “láti 1965”. Mo fi sára gíláàsì, ó ń ká kò ní igun bí ṣòkòtò àgbà lára ọmọdé. Mo fi okùn yí ihò irin ọkọ̀ ká, mo fi okùn kan náà yí inú rọ́bà ká: ó fi nǹkan bí 8 sẹ̀ǹtímítà gùn jù. Mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Rọ́bà 1972 ni wọ́n kó sínú ọ̀rá 1965. Mo dá a padà. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gé e, kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Omi á mọ ojú ibẹ̀ kí èmi tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì ṣe wọn rọ́bà àtijọ́ láti fi ra tuntun. Ó ti sún kì lọ́dún tó pọ̀. Irin ọkọ̀ ni kí ẹ wọ̀n.

Rọ́bà gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n tún fi pa mí lẹ́rìn-ín. “1970,” wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. 1965 títí dé òpin sì jẹ́ ọ̀kan náà fún gíláàsì ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Ó dé, ó kéré! Kì í ṣe díẹ̀, kò tilẹ̀ yí gíláàsì ká. Mo yẹ ìdí rẹ̀ wò: Bùràsíìlì ni wọ́n ti ṣe é, fún Ìjàpá tiwọn tí wọ́n ń pè ní Fusca. Wọn ò bá Wolfsburg fẹ gíláàsì lójú ní 1964. Gíláàsì kékeré ni wọ́n ń lò lọ títí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní 1986, òun náà ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n tún padà sí i láti 1993 dé 1996. Rọ́bà náà dára, ọdún tí wọ́n kọ sí i tọ̀nà, ọkọ̀ mi ni kì í ṣe ará ibẹ̀.

Ohun kejì ni kòtò. Rọ́bà kan wà tó ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, níbi tí irin dídán ń jókòó sí. Òmíràn wà tí ojú rẹ̀ dán gbẹrẹgẹdẹ. Méjèèjì bá gíláàsì mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi aláìníkòtò sí i, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ki irin bọ̀ ọ́. Láti yẹra fún ìyẹn, mo gé ègé pẹlẹbẹ kan lára rọ́bà àtijọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ yíǹkì, mo fi lu bébà bí òǹtẹ̀. Ó yọ gbogbo ìrísí rẹ̀: ètè tó ń mú gíláàsì, ètè tó ń mú irin, àti kòtò. Mo fi òǹtẹ̀ yẹn ránṣẹ́ síwájú owó. Látìgbà yẹn, ẹyọ kan kò tún ṣì wá.

Ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún

A fi gíláàsì sí i. Mo sá rọ́bà sóòrùn kó rọ̀. Gíláàsì wà lórí ibùsùn àtijọ́. Rọ́bà lọ sára gíláàsì, lẹ́yìn náà irin dídán wọ inú kòtò, ègé méjì, ìbòrí kékeré sì bo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi irin sí i kí gíláàsì tó wọ ọkọ̀. Bí ó bá ti wà lára ọkọ̀ tán, ẹ óò kàn máa fìyà jẹ ara yín ni. Lẹ́yìn náà, okùn tó lágbára wọ kòtò ìta rọ́bà yíká, ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn nísàlẹ̀. Omi ọṣẹ sára gbogbo rẹ̀. Bàbá wà níta, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì jẹ́jẹ́. Èmi wà nínú, mò ń fa okùn, ètè rọ́bà sì ń gun orí irin díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé e.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo kánjú ní igun òkè ọ̀tún, irin dídán sì ta jáde. Wọ́n wò mí.

“Ṣé a máa lọ síbì kan ni?”

“Rárá sà.”

“Ó dáa. Fà á bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ.”

A yọ ọ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó.

Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún

Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀pá á tú àṣírí ilẹ̀kùn. Láìsí ọ̀pá, àlàfo yí ilẹ̀kùn ká dọ́gba lójú mi. Nígbà tí mo lẹ tépù gbọọrọ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn sójú ọ̀nà ihò, mo rí i pé ti ilẹ̀kùn òsì wálẹ̀ lẹ́yìn; ilẹ̀kùn ti wọ́. Ọ̀pá tó yẹ kó jẹ́ ìlà kan á wá dà bí ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ gegele sí. A tú ìdè ilẹ̀kùn díẹ̀, a gbé e sókè, a dè é padà. Ọ̀sán kan lọ síbẹ̀. Ṣé ẹ rí i, kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó kun ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ bí tèmi.

Kílíìpù kọ̀ọ̀kan gbé rọ́bà ìdí tirẹ̀ wọ ihò. Rọ́bà yẹn ló ń dá omi dúró kó má wọ inú ilẹ̀kùn. Ẹni tó fò ó ń gbin ìpẹtà síbi tí kò ti lè rí i. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀pá mọ́ wọn, láti ìpẹ̀kun kan lọ sí èkejì. Kọ́, kọ́, kọ́. Ìgbà yìí ó gbà.

Ọ̀tún iwájú, níbi tí irin ti kúrú, mo fi fáìlì gba ìpẹ̀kun ọ̀pá díẹ̀ kí àlàfo rẹ̀ sí ilẹ̀kùn lè bá ti òsì mu. Ó dùn mí láti gé ojúlówó.

Ọ̀sẹ̀ ogún

Òjò rọ̀ lóru, ó pẹ́. Láàárọ̀ mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ nínú, mo tú páálí inú ilẹ̀kùn òsì wò. Gbígbẹ. Igun gíláàsì ẹ̀yìn náà gbẹ.

Àmì “1300” ṣì kù. Mo ti rí méjì, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti kán, ti èkejì kò bá ihò ìdérí mi mu. Ó ṣeé ṣe kí ìdérí náà jẹ́ àlejò. Mi ò tíì ní ìgboyà láti ha abẹ́ rẹ̀.

Mo gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ 1967 yẹn sí títà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ dùn. “Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mò ń wá gan-an nìyí. Ìwé ọkọ̀ mi ní 1967.”

Mo ní, “Àbúrò, gbé àga ẹ̀yìn.”

Ó lọ. Ó pè mí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. 118 ni tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀: mọ́dẹ́ẹ̀lì 1968, wọ́n ṣe é lẹ́yìn Oṣù Kẹjọ 1967, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á wọ̀ ọ́. Bónẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kúrú. Ó mú mẹ́fà, mo yọ owó ìkeje kúrò fún un, ìkeje sì wà lórí ìṣó lára ògiri mi báyìí, ó ń dán.